Bọ́tìnnì Tí Wọ́n Ní Kó Yọ

Kí Àbíkẹ́ tó fi ẹ̀kọ kan ẹnu láàárọ̀, ó ti tún àléébù méjì ṣe nínú Ìwé Ìlú, ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bójú tó: àwòrán tí kì í ṣí lórí fóònù àtijọ́, àti àmì ohùn tó ń bọ́ lára orúkọ àwọn èèyàn. Gbogbo ìlú ló ń kọ ìwé náà. Ohun tó bá wà níbẹ̀ nìkan sì ni ilé ẹjọ́ ń gbà lóòótọ́.

Láti àná tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń da yẹ̀pẹ̀ sí Odò Ayérò, ojú ìwé odò náà ti yí padà. Ó ní odò kankan ò sí níbẹ̀ rí.

Fóònù dún. Fátúnmbí, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àléébù kan ṣẹ́kù. Bọ́tìnnì tó ń fi ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ hàn, ẹ bá wa yọ ọ́. Ó ń da àwọn èèyàn láàmú."

"Àwọn èèyàn wo?"

"Ẹ ṣáà bá wa yọ ọ́, mà."

"Odò yẹn ni ìyá mi fi wẹ̀ mí," ni Àbíkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́. Màá tún un ṣe."

Ẹni tó gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Nígbà tó dọ̀sán, àkọsílẹ̀ àtúnṣe ọjọ́ náà dé orí fóònù gbogbo ará ìlú:

"Àwòrán ti ń ṣí. Àmì ohùn ò bọ́ mọ́. Akọ̀wé Fátúnmbí fẹjọ́ bọ́tìnnì àtẹ̀yìnwá sùn, nítorí náà a ti gbé e wá sókè, a sì ti sọ ọ́ di ńlá. Ẹ lọ sí ojú ìwé Odò Ayérò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."