Òbúkọ Tó Fẹ́ Kí Wọ́n Lé Ajá

Ẹ tẹ́tí sí àlọ́ mi, kí ẹ sì bá mi gbè é. Orí Òbúkọ alárìíwísí ló balẹ̀ sí.

Ajá kan tó ń ṣáko, tí kò ní olówó, yà sí àgbàlá Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Ìyá fún un ní ẹ̀kọ, Ajá gé e jẹ lọ́wọ́, ó sì sá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ ẹ̀kọ tán, ó fa aṣọ ìyá ya. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni ìyá ń gbé oúnjẹ sílẹ̀, tó ń pè é jẹ́jẹ́:

Ajá, wá jẹun o,
— Kẹ́rẹ́ńdú.
Bó o bá sá, mo wà níbí,
— Kẹ́rẹ́ńdú.

Inú bí Òbúkọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá. Ó ní, "Ìyá, àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ lé e jáde."

Ìyá ní, "Ṣé òfin tó wù ọ́ nìyẹn?"

"Òun náà ni."

Ìyá ṣílẹ̀kùn àgbàlá. "Ó yá, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ jáde. Ta ló jẹ àgbàdo tí mo fẹ́ gbìn láàárọ̀ yìí? Háhá rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọ nírùngbọ̀n."

Òbúkọ wólẹ̀, ó ń ké, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá pa ilẹ̀kùn dé, kò lé e jáde mọ́. Ó ní, "Sùúrù tí mo fi ń gbà ọ́ sílé náà ni mo fi ń dúró de Ajá."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ń dúró de gbogbo wa. Ẹni tó ń jẹ nínú sùúrù Ọlọ́run, tó tún ń fi ìwo lé ẹlòmíràn kúrò nídìí àwo, òbúkọ ni, bó tilẹ̀ ń jókòó síwájú nílé ìjọsìn.