Ìwẹ̀ Ojúmọmọ

Gbogbo ayálégbé ilé kan ní Ladi-Lak, ní Bariga, ló ń yin Fàsílátù. Láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ohùn lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, Bàbá Adéjìmí, obìnrin náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ̀ ẹ́. Àràárọ̀ ló ń gbé e jókòó sórí àpótí láàárín àgbàlá, lójú tajá tẹran, á sì bi í pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Bàbá kò lè dáhùn. "Ó dáa, jẹ́ n wò ó," ni yóò wí, á sì fa aṣọ kúrò lára rẹ̀.

Hameedat, àkọ́bí wọn, gbà pé ìyá òun ń fi ìbéèrè yẹn dán ọpọlọ bàbá wò ni, torí dókítà ní kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn ún ni ìhòòhò. Balùwẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó sì ní ilẹ̀kùn. Kànrìnkànrìn ìyá rẹ̀ náà kì í ṣeré: nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á máa yọ léjìká bàbá, omijé á sì máa bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ rọra."

"Ìdọ̀tí ara rẹ̀ ti pẹ́."

Lọ́dún náà àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, àwọn olóṣèlú sì ń wá akọni kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Wàhábì, tó fẹ́ díje ní Bariga, gbọ́ nípa Bàbá Adéjìmí. Ta ni kò gbọ́? Kí àìsàn tó dé, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń sọ bí òun ṣe bá òyìnbó jà l'Abẹ́òkúta nítorí owó orí: bí àwọn akódà, ìránṣẹ́ ọba tó ń gbowó náà, ṣe ń já wọlé onílé, tí wọ́n ń fi kóńdó fọ́ àwọn ìyá lórí, tí wọ́n ń bọ́ àwọn ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti wò bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí í san án. Lẹ́yìn náà á na ọrùn ọwọ́ rẹ̀ síta, níbi tí àpá eyín wà, tòun ti àlàfo kan láàárín. Ó ní ajá ọlọ́pàá òyìnbó ló bu òun jẹ. Bó bá ti débẹ̀, Fàsílátù á dìde lọ pọn omi.

Ìyá kì í sọ ìtàn tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Hameedat bi í bí ìyá àti bàbá ṣe fẹ́ra.

"Bàbá mi ló fà mí fún un. Kò sí ẹlòmíràn tó máa fẹ́ mi mọ́."

Hameedat rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ní irú èjí yẹn?

Lọ́jọ́ tí Wàhábì ń bọ̀ wá yẹ́ Bàbá sí, Hameedat lọ aṣọ funfun fún un, ó fi wọ̀ ọ́, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, lónìí nìkan, ẹ jẹ́ kí ìwẹ̀ wọn di ìrọ̀lẹ́, nínú balùwẹ̀. Iyì tó kù fún wọn nìyẹn."

Ìyá lọ pọn omi. Ó dúró títí Wàhábì fi dé tòun ti èrò àti ayàwòrán, ó wá gbé ọkọ rẹ̀ ka orí àpótí.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Hameedat fò mọ́ aṣọ bàbá rẹ̀. Ìyá tí kò nà án rí láyé gbá a létí, ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun náà. Ó tì í ṣubú, ó sì fa aṣọ náà ya lára ọkùnrin náà látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin màmá yìí, akọni ni wọ́n o!" Wàhábì pariwo. "Ọjọ́ orí wo lẹ tún ń bi wọ́n?"

"Òun ló kọ́kọ́ bi mí, lójú ọjà, tòun ti fìlà akódà lórí rẹ̀," ni Fàsílátù wí, ó sì gbé àpá ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sókè kan èjí ẹnu ara rẹ̀, àlàfo bá àlàfo mu, "mo ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, kò gbà, ó ní àfi kí òun wò ó."