Ẹ Yí Inú Fìlà Síta

Aránfìlà ń wo fóònù, ó ń yínmú.

Àbúrò rẹ̀ ló fi í sínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ fìlà orí fóònù, kí ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀ tó kú má baà gbé e lọ.

Kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àbúrò rò pé kì í tilẹ̀ ṣí i.

Láràárọ̀, kálukú á ya fọ́tò fìlà tó dé jáde.

Ọ̀kan gẹ tirẹ̀ bí ẹni tó ni ìlú. Òmíràn fi bojú bí olè adìyẹ.

“Fìlà pọ̀ níta,” ni aránfìlà ń kùn, “orí ni kò sí lábẹ́ ẹ̀.”

Àbúrò gbé tirẹ̀ jáde: fìlà dúdú.

“Ọ̀gá onífìlà! Ẹ yí inú ẹ̀ síta ká rí iṣẹ́ ọwọ́!” Àwọn ará ẹgbẹ́ ló kọ ọ́ sí i; òfin wọn nìyẹn.

Ó yí i. Òwú pupa ni wọ́n fi rán an nínú.

Fìlà kan ṣoṣo ni aránfìlà fi òwú pupa rán rí.

Ó kọ̀wé síbẹ̀ lójú gbogbo wọn:

“Àbúrò, ìwọ lo ní kí n jáde, kó o bá mi kan pósí ọmọ mi pa. Nígbà tó o ṣí fìlà yẹn lórí ẹ̀, kí lo fi bò ó?”