Ìkòkò Màmá, Ìkòkò Ọkọ

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba màmá lẹ́rù. Nọ́ọ̀sì ní kó na apá, ó ká apá mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ẹran lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀, káfíńtà, bá jókòó, ó kọ́kọ́ na tiẹ̀, nọ́ọ̀sì sì wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

"Ẹ ò rí i, màámi? Kì í géni jẹ."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó na apá. Bí wọ́n ṣe wọn tiẹ̀ tán báyìí, káfíńtà ti fà á lọ́wọ́ jáde. Oníbàárà ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì yọrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹni tó ń dáná nílé yín dà?"

Ìyàwó káfíńtà dìde, ó wọlé lọ bá a, ó ti ilẹ̀kùn.

Lálẹ́, ọkọ bi í pé kí ni wọ́n wí.

"Ẹ̀jẹ̀ màmá ti ru," ó ní. "Kò síyọ̀ mọ́, kò sẹ́ran díndín. Ẹ̀fọ́, èso, ẹja bíbọ̀ lásán."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Wọ́n ní ara yín le bíi pákó tẹ́ ẹ̀ ń gé."

Káfíńtà gbá àyà ẹ̀ gbì, ó rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni ìkòkò ti di méjì. Màmá tọ́ tiẹ̀ wò, ó yínmú.

"Ìyàwó, ṣé omi tó o fi fọ abọ́ lo gbé fún mi yìí?"

"Ẹ̀fọ́ ni, mà."

"Hẹn-ẹn. Ìyàwó tuntun tọ́mọ mi fẹ́ gbé wọlé lóṣù tó ń bọ̀, òun mọ bí wọ́n ṣe ń fiyọ̀ sọ́bẹ̀."

Káfíńtà tẹjú mọ́ abọ́ ẹ̀. Ìyàwó bó ọsàn fún màmá, ó yọ kóró inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi etí aṣọ nu ẹnu ẹ̀. Aládùúgbò tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi orí.

"Irú ìyàwó báyìí, ṣé wọ́n ṣì ń bí wọn?"

Ẹran díndín tó jẹ́ ìpín màmá tẹ́lẹ̀ wá di ti káfíńtà. Ìyàwó ń fiyọ̀ pa á dáadáa kó tó dín in. Ọkọ ń jẹ, ó ń lá ọwọ́.

"Àìsàn màmá yìí mà ń ṣe mí lóore o!"

"Jẹ ẹ́ tán, ọ̀kánjúwà," màmá ní. "Ikùn ẹ á ròyìn fún ẹ."

Nígbà tó yá, káfíńtà ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó fọwọ́ di orí mú.

"Orí ń fọ́ mi. Ojú mi tún ń ṣú."

"Oòrùn ni," ìyàwó ní. "Àti ìrònú màmá. Ẹ jẹun, ẹ ó sinmi."

Ọkọ tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tì í síwájú. "Ẹnu mi ò gbádùn ẹ̀. Fiyọ̀ sí i."

"Fi sí tèmi náà, jọ̀ọ́," màmá ké láti ìdí ògiri. "Kó pa mí, kí n sinmi!"

"Ẹ ò ní kú, màmá," ìyàwó ní, ó sì ṣí ìkòkò iyọ̀.

Ó bu ṣíbí kan kún dẹ́nu, ó dà á sínú abọ́ ọkọ ẹ̀, ó ń rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó lè kárí, nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà ni pé ẹ̀jẹ̀ màmá dára bíi ti ọmọge, ọkọ ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀ mọ́ bó bá fẹ́ pẹ́ láyé.