Mọ̀núrù Ló Ní Táǹkì Omi Ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìlà méjì, tẹ́ ẹ ó wá sáré tẹ "Àmín" sísàlẹ̀, mo mọ̀ yín o. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí. Ẹ kà á tán porogodo. Pàápàá ìwọ ọmọ onílé tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, rọra jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá kàn ẹ́.

1.
Mọ̀núrù ń ta bẹ́líìtì ní Ìdúmọ̀tà, ilé ẹbí bàbá rẹ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá ló sì ń gbé. Ilé àtijọ́ ni, ògiri ẹ̀ nípọn, fèrèsé ẹ̀ jẹ́ onígi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí.

Lọ́jọ́ kan, Ignatius, ayàwòrán kan láti àdúgbò Campos, ń kọjá lọ. Ó dúró, ó ń wo fèrèsé bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè fi pálọ̀ iwájú yìí háyà fún mi?"

Báyìí ló kó ọ̀dà ẹ̀ wọlé. Kò pẹ́, ó mú Mabel tó ń ya fọ́tò wá. Mabel mú agbẹ́gilére wá. Agbẹ́gilére mú amọ̀kòkò wá. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn òyìnbó ti ń rọ́ wá láti mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn, wọ́n ń ya àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà ní fọ́tò. Gbogbo àdúgbò wá ń pe ibẹ̀ ní Agboolé Ayàwòrán, wọ́n sì ń pe Mọ̀núrù ní Alága. Alága! Ẹni tó ń gbé bẹ́líìtì sá fún àwọn káńsù lánàá.

2.
Àwọn ayàwòrán ń pọ̀, yàrá ń tán. Mọ̀núrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹbí. Ó ní kí àǹtí yìí lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, ó sọ fún ìbátan yẹn pé ògiri fẹ́ wó. Ó wá ku yàrá ẹ̀yìn, yàrá ìyá ẹ̀, Màmá Àlímọ̀t.

Inú yàrá yẹn ni wọ́n sin bàbá Mọ̀núrù sí. Sàréè náà ga díẹ̀ nílẹ̀, wọ́n rẹ́ símẹ́ńtì sí i. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni Màmá máa ń tẹ́ ẹní ìkírun wọn sí.

"Màmá, mo ti gba yàrá fún yín ní Ìkòròdù. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀ gan-an."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń wá afẹ́fẹ́?"

"Fúngbà díẹ̀ ni, Màmá."

Màmá wò ó títí. "Mi ò bá ẹ jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ ni kó o sin mí sí. Àyè mi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ wọn náà ni. Mo ṣèlérí."

3.
Ignatius wá wo yàrá náà, ó fẹ́ máa pàtẹ àwòrán síbẹ̀. Ó rí símẹ́ńtì tó ga nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí? Ẹ jọ̀ọ́ o, tó bá jẹ́ òkú ló wà níbẹ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án."

"Òkú kẹ̀? Táǹkì omi àtijọ́ ni."

"Ẹ búra."

"Wàláhì!"

Ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ohun tó ń rò ni pé bàbá òun wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, táìlì tí wọ́n bá tẹ́ lé wọn lórí ò sì lè jí òkú.

Lùkúmọ̀n bíríkìlà wọlé. "Alága, àwọn àlejò máa nílò ilé ìyàgbẹ́. Níbo ni kí n gbẹ́ kòtò ẹ̀ sí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ló yẹ kó ti la ẹnu. Kó kàn ní, "Má gbẹ́ ẹ síbí." Ó tán! Ṣùgbọ́n Ignatius ká apá mọ́ àyà, ó ń wò ó. Mọ̀núrù yíjú sí Lùkúmọ̀n.

"Ibi tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn ni kó o gbẹ́ ẹ sí. Wó táǹkì yẹn palẹ̀."

Ó wọ agbádá, ó forí lé Oníkàn. Kò padà dé yàrá yẹn títí wọ́n fi tẹ́ táìlì tán, tó ń dán gbinrin.

4.
Màmá Àlímọ̀t kú sí Ìkòròdù lọ́jọ́ tí èrò kún ibi ìpàtẹ àwòrán fọ́fọ́. Wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi likáfàní dì wọ́n, wọ́n kírun sí wọn lára. Lẹ́yìn Alásárì, Bàbá Salahudeen, àbúrò bàbá Mọ̀núrù, ṣíwájú àwọn tó gbé òkú àti àwọn tó gbé ṣọ́bìrì wọnú yàrá ìpàtẹ ní Ẹnu Ọ̀wá. Àwọn àlejò mú ife dání, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀.

Mọ̀núrù bọ́ síwájú. "Ignatius, kó àwòrán kúrò. Bàbá mi ló wà níbí. Ìyá mi fẹ́ wá sùn tì wọ́n."

Ignatius wò ó bíi pé ó gbá òun létí. "Ẹ ti búra fún mi."

Kò dúró gbọ́ èsì, ó ń já àwòrán lára ògiri. Mabel bọ́ bàtà ẹ̀ kíákíá, ó fi í sábẹ́ apá.

Wọ́n fọ́ táìlì. Wọ́n gbẹ́. Òórùn kan tú jáde. Lùkúmọ̀n sáré dé.

"Alága, kòtò ìyàgbẹ́ lẹ fẹ́ bẹ́ yẹn o!"

"Bàbá mi dà?"

"Bàbá wo? Ẹ ní ibi tó bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ibẹ̀ yẹn ni ilẹ̀ ti rọ̀ jù."

Ṣé ilẹ̀ sàréè ò ní rọ̀ ni?

"Ṣé o ò rí egungun?"

"Mo rí i. Ẹ ní táǹkì ni, mo bá ní egungun ẹran ni. Típà ti kó o mọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ fi dí àbàtà lọ́nà Ajáh."

Òkú Màmá wà nílẹ̀. Bàbá Salahudeen tẹ̀ síwájú.

"Gbé ìyá ẹ, Mọ̀núrù. Kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ sùn tì níbí mọ́."

Itẹ́ òkú ìjọba ni wọ́n sin Màmá Àlímọ̀t sí, láàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ rí.

5.
Àwọn ayàwòrán kó ẹrù láì pariwo. "A bi yín, ẹ̀gbọ́n," ni Ignatius sọ. Àwọn ẹbí tí Mọ̀núrù lé padà wọlé, wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Ní báyìí, lọ́jọ́ Jímọ̀, Mọ̀núrù máa ń wọkọ̀ lọ sọ́nà Ajáh. Ilé tuntun tò lọ rẹrẹ níbẹ̀. Mẹ́gáàdì a ní, "Ta lẹ ń wá?"

"Bàbá mi."

"Nọ́ńbà ilé wọn ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ onílé, mo kì yín nílọ̀ o. Ẹ gba ayálégbé, ẹ gba ayàwòrán, kílé yín kún. Ṣùgbọ́n ẹ má torí àlejò lé ẹbí, ẹ má sì fi irọ́ bo ẹni tó bí yín mọ́lẹ̀, torí ẹni tẹ́ ẹ purọ́ fún á gbà yín gbọ́, á sì gbẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá sọ ilé nù, àpò ìyà ló so kọ́.