Rọ́bà Àtijọ́ Nínú Katakata Tìjání

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú wa tí kò tíì sọ fún oníṣẹ́ rí pé, "Ṣáà ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó máa ṣe"? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó kọjá. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán pátápátá, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tìjání. Katakata ló fi ń túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Katakata náà ti gbó, àmọ́ òun ló ń bọ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Ṣàkírátù, ló fi oko obì tirẹ̀ dógò kí Tìjání tó rí i rà. Oko obì náà lọ, wọn ò rí i gbà padà mọ́. Ìyá náà kò fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ilẹ̀ kékeré kan lọ́nà Òkè-Ìlá ló ṣẹ́ kù fún un, ibẹ̀ ló ti ń rí iṣu àti àgbàdo jẹ.

Nígbà tí àìsàn dá Tìjání wólẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀, Wàsílátù.

"Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, oko ẹ̀gbọ́n mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, kí wọ́n tó wọ oko ẹlòmíì."

"Mo gbọ́, Bàbá Fàrúkù. Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run."

Ọkùnrin náà kú. Kí Ọlọ́run forí jì í.

2.
Lọ́dún àkọ́kọ́, Wàsílátù ní kí dírẹ́bà tó ń bá a wa katakata kọ́kọ́ ṣe ti àwọn tó ń sanwó. Ìyá Ṣàkírátù wá bá a nílé.

"Ìyàwó mi, ṣé katakata ò mọ ọ̀nà Òkè-Ìlá mọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká ti dá àwọn oníbàárà lóhùn ná."

"Ó dáa. Àwa tí a kì í ṣe oníbàárà, a ó máa wojú òjò."

Wàsílátù rẹ́rìn-ín. Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. Òjò lọ, katakata kò dé ibẹ̀.

3.
Lọ́dún kejì, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, ó ń rú èéfín, kò lágbára mọ́. Wàsílátù gbé e fún Kọ́lájọ mẹkáníìkì, ọmọ àbúrò rẹ̀. Wàsílátù gan-an ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní ìkókó.

Kọ́lájọ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ó yọ àwọn sílíìfù, ìyẹn àwọn agolo irin tí písítìn ń lọ sókè sódò nínú wọn. Gbogbo wọn ti jẹ. Wọ́n ra tuntun. Ṣùgbọ́n ìdí sílíìfù kọ̀ọ̀kan ní òrùka rọ́bà, òun ni kì í jẹ́ kí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára wọ inú ọ́ìlì. Rọ́bà tó bá a mu kò sí ní Ìlá.

"Màmá, ẹ jẹ́ n lọ wá rọ́bà ní Òṣogbo. Tí mo bá dé, màá ha ìpẹtà inú bùlọ́ọ̀kù, irin ńlá tí sílíìfù ń wọ̀ sínú rẹ̀ yìí, kúrò, màá bu omi sí i wò bóyá ó ń jò, ká tó dé e."

"Òjò ti rọ̀, Kọ́lájọ! Àwọn ará Ìgbájọ ń pè mí. Bí mi ò bá dé, wọ́n á gbé iṣẹ́ fẹ́lòmíì. Rọ́bà tí o yọ yìí ńkọ́? Ṣé ó já ni?"

"Kò já, àmọ́ ó ti gan. Kò ní lè dá omi dúró mọ́."

"Ìwọ tí mo wẹ̀! Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní iṣẹ́ tí ọkọ mi fi jẹun?"

Kọ́lájọ wolẹ̀. Níbi tiwa, ta ló ń bá ẹni tó wẹ̀ ẹ́ jiyàn?

"Ẹ má bínú, Màmá."

Ó fi ọ́ìlì pa rọ́bà àtijọ́ lára, ó fi í sídìí sílíìfù tuntun, ó fi òòlù onígi gbá wọn wọlé, ó sì dé ẹ́ńjìnnì. Kò ha ìpẹtà. Kò bu omi wò ó.

4.
Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún gbọnmọgbọnmọ. Wàsílátù pàtẹ́wọ́.

"Ṣé o rí i? Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ kàn fẹ́ràn kéèyàn máa dúró dè yín ni."

Dírẹ́bà bi í pé, "Màmá, ṣé ká kọ́kọ́ ya Òkè-Ìlá?"

"Ìgbájọ ni mo wí."

Lórí oko ní Ìgbájọ, dírẹ́bà fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ. Ó sáré tẹ Wàsílátù láago. "Màmá, ọ́ìlì yìí ti dà bí ògì o! Omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ n pa á."

"Parí èyí tó wà nílẹ̀ ná."

Kò tíì dé ìpẹ̀kun poro tó wà nínú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà. Irin inú rẹ̀ já, ó lu bùlọ́ọ̀kù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi àti ọ́ìlì dà sílẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Kọ́lájọ dé, ó wo ihò náà, ó mi orí.

"Kò ṣeé tún ṣe mọ́, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò kọ̀ fún mi?"

"Mo kọ̀. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ wẹ̀ mí."

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló wá wọ́ katakata Tìjání lọ.

5.
Gbogbo ìgbà yìí, Ìyá Ṣàkírátù ń retí. Nígbà tó rí i pé òjò fẹ́ lọ, ó gbé ọkọ́ fúnra rẹ̀. Ó yọ̀ ṣubú láàárín ebè, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Kò dìde rìn mọ́.

Wàsílátù lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. "Ìyá, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́. Àmọ́ iṣu kì í hù lórí àforíjì, ìyàwó mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín: ẹ má fi ọjọ́ orí yín pa ẹnu ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ní kí ẹ ṣe ohun tí yóò bàjẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Ẹni tó sì yẹ kó kọ́kọ́ jẹ, ẹ má sọ ọ́ di ẹni ìkẹyìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Wàsílátù gbé ọkọ́, ó gba ọ̀nà Òkè-Ìlá lọ. Òun nìkan ló kọ gbogbo ebè oko Ìyá Ṣàkírátù, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò tíì fọwọ́ kan oko tirẹ̀.