Oríkì Tó Já Lágbedeméjì

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọmọbìnrin kan gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wá bá Ìyáàfin Olóyèdé, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí orísun ọ̀rọ̀. Ìwé náà tutù lọ́wọ́. Oríkì kan wà nínú rẹ̀ tó já lágbedeméjì.

Ìyáàfin Olóyèdé tún un kà. Oríkì tí òun ń kì sétí Mosúnmọ́lá, ọmọ rẹ̀, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn, kí ọmọ náà tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láì tíì gbọ́ ọ tán.

"Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀, mà."

Ó wò ó: Mosúnmọ́lá Olóyèdé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àná.

Ọmọbìnrin náà ṣí báírò rẹ̀. "Ó ní ibi tẹ́ ẹ dé lòun gbọ́ mọ, mà. Ó ní kí n gba ìyókù wá."